Iná iwájú kẹ̀kẹ́ fún ìrìn òru: lumen 10,000 ni àbí lux 80?

Arìnlóru

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin agùnkẹ̀kẹ́. Wọ́n yí àsìkò iṣẹ́ mi padà ní oṣù tó kọjá, alẹ́ pátápátá ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere mi délé báyìí. Kìlómítà 11 ni. Méje àkọ́kọ́ ní iná títì, kò sí wàhálà níbẹ̀. Mẹ́rin tó kù ló ń já mi láyà: òkùnkùn biribiri, kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn tún wọ aṣọ dúdú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kó sí kòtò kan tí n kò rí títí táyà iwájú fi wọ inú rẹ̀. Rííìmù wọ́, orúnkún mi bó. Iná kékeré kan wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ mi o, èyí tó ń ṣẹ́jú pàpàpà. Òkùnkùn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo wá iná tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí mi wá dàrú. Ọ̀kan ní lumen 10,000 lòun ní. Èkejì ní 800. Ẹ̀kẹta kò dárúkọ lumen rárá, lux 80 ló kọ sára. Èyí tó ní 10,000 yẹn ló pọ́ọ́kú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì tóbi ju àtàǹpàkò méjì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà?

Ọ̀gá Rííìmù

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Orúnkún á jinná. Rííìmù yẹn ni kí o yí wò dáadáa kí o tó tún gùn ún jìnnà; èyí tó bá wọ́ díẹ̀, tí a sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a máa já sípóòkì nígbà tó bá yá.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹni tó bá wá bi mí léèrè iná, ohun tí èmi náà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: ṣé kí àwọn èèyàn lè rí ọ lo ṣe fẹ́ ẹ, àbí kí ìwọ fúnra rẹ lè ríran? Mo ń pe ti àkọ́kọ́ ní iná ẹ-rí-mi, mo ń pe ìkejì ní iná kí-n-ríran. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ẹ-rí-mi ni. Ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní kìlómítà méje tí iná títì wà. Ìgbà tí iná títì tán lo gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn lé e lórí.

Eré mélòó lo máa ń sá lójú ọ̀nà òkùnkùn yẹn? Dá mi lóhùn ìyẹn ná.

Arìnlóru

Ẹ ṣé, ọ̀gá. 20 ni mo máa ń wò lára ẹ̀rọ tó ń ka eré, 22 nígbà mìíràn. Àmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó kù díẹ̀ kí n délé, ibẹ̀ a máa gbé mi dé 30 láì jẹ́ pé mo wa ẹsẹ̀.

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e sórí ìwé, nítorí ìdáhùn ìbéèrè iná wà nínú bíréèkì.

Ẹni tó ń sáré 20 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà 5.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí ojú bá rí kòtò sí ìgbà tí ìka bá fún bíréèkì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Mítà 8 ti lọ kí kẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bíréèkì tó dára lórí ilẹ̀ gbígbẹ yóò jẹ mítà 4 sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Ní 30, mítà 21 ni. Ẹni tó bá fò dé 40 ń wá mítà 32. Tí òjò bá rọ̀, apá ti bíréèkì nínú rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì.

Nítorí náà iná tó bá fi mítà 12 nìkan hàn ọ́, o kò gbọdọ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ìwọ nílò ohun tó ń fi mítà 25 hàn dáadáa, kí àyè díẹ̀ ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ lumen àti lux wá kù. Ronú omi ẹ̀rọ. Lumen ni gbogbo omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ibi yòówù kó dà sí. Lux ni bí ojú ilẹ̀ kan pàtó ṣe rin tó. Ẹni tó da garawa omi kan káàkiri àgbàlá, eruku ṣì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó da garawa yẹn kan náà sójú kan, ẹrẹ̀ ló bá níbẹ̀. Lumen 1 tó bọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, òun ni lux 1.

Iná tó ní lumen 800, tó sì ń tan sí igi, sí ojú ọ̀run, sí ojú ẹni ẹlẹ́ni, lè máà fún ojú ọ̀nà rẹ ní ìdajì ohun tí iná lumen 300 tó mọ ibi tó ń lọ yóò fún un.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé ojú ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì.

Èmi náà ń gun kẹ̀kẹ́ láti ẹnu iṣẹ́ lóru, ọ̀nà tóóró kan tó gba ẹ̀gbẹ́ odò kọjá sì wà lára rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ọkùnrin kan ń bọ̀ níwájú, iná rẹ̀ ràn bí oòrùn ọ̀sán. N kò rí i, n kò rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, n kò rí ibi tí ọ̀nà parí sí. Mo dúró gbagidi, mo fi ọwọ́ bo ojú, mo ń retí kó kọjá. Ìgbà tó kọjá tán ni nǹkan wá le: gbogbo ibẹ̀ di dúdú fún mi, àwọ̀ ewé kan ń fò níwájú ojú mi. Ojú tó bá ti mọ́ òkùnkùn lára, ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló fi ń mọ́ ọn lára tán, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni iná burúkú sì fi ń bà á jẹ́.

Ohun tí mo rà lẹ́yìn náà ni iná tí a gé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lókè bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Tí o bá tan án sí ògiri, wàá rí ìlà kan tó tẹ́ gbọọrọ: ìsàlẹ̀ ìlà funfun kedere, òkè ìlà dúdú. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ sórí títì, kò sí èyí tó ń lọ fọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Oníṣirò

Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́. Àwọn ará Jámánì ló sọ irú iná bẹ́ẹ̀ di dandan. Òfin ìrìnnà wọn tí wọ́n ń pè ní StVZO sọ pé iná iwájú kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú, àti pé ó kéré tán kó fún ibi tó mọ́lẹ̀ jù ní lux 10 ní mítà 10. Èyí tó bá yege máa ń ní àmì K pẹ̀lú nọ́ńbà lára, ìlà kékeré tó rí bí ìgbì omi a sì wà níwájú K yẹn. Kò di ìgbà tí a bá ń gbé ní Jámánì kí a tó wá àmì náà lára iná.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kẹta tí o rí fi kọ lux dípò lumen, Arìnlóru. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú rẹ̀ ni. Lux 80 ní mítà 10 yóò di 20 ní mítà 20, nítorí bí ọ̀nà bá jìn sí i ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ a já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní mítà 30, bíi 9 ló kù. Fún eré tí ò ń sá, ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Arìnlóru

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti ń yé mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè bí òmùgọ̀: ẹni tó ní lumen 10,000 ńkọ́? Kódà kó fi ìdajì rẹ̀ ṣòfò sójú ọ̀run, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló ṣì kù. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé wákàtí 6 ló máa ń lò.

Oníṣirò

Bí òmùgọ̀ kọ́, ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn máa bi àwọn tó ń tà á ni.

O ní kò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Bátìrì kan ló lè gbà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí a ń pè ní 18650. Orúkọ yẹn gan-an ni ìwọ̀n rẹ̀: mìlímítà 18 ní fífẹ̀, 65 ní gígùn, odo tó kẹ́yìn ń sọ pé ó rí róbótó. Èyí tó dára nínú wọn ń gbé bíi 3,500 mAh ní fóòtì 3.6. Sọ wọ́n di púpọ̀ síra, wákàtí-wọ́ọ̀tì 12.6 ni. Kò sí idán tó lè mú kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Tí o bá rí 18650 tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí lára, ẹni tó kọ ọ́ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.)

Wọ́ọ̀tì kan nínú iná LED tó dára, ẹ jẹ́ ká fún un ní lumen 100. Lumen 10,000 á wá nílò wọ́ọ̀tì 100. Pín 12.6 sí 100: kò pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ, bátìrì ti kú. Ìyẹn tí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ bá lè gbé wọ́ọ̀tì 100 láì yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Wá ṣe é ní ìdàkejì: tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ó ń lò wákàtí 6, wọ́ọ̀tì 2 ló ń jẹ, lumen rẹ̀ á sì máa lọ sí bíi 200.

Ṣe irú ìṣirò yìí fún lumen 800: wọ́ọ̀tì 8, wákàtí kan àbọ̀ lórí bátìrì kan. Tí wọ́n bá kọ irú ìyẹn sí i, olóòótọ́ èèyàn ló kọ ọ́.

Ọmọ Inú Igbó

Mo kí gbogbo ilé. Èmi fẹ́ tako yín díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tí a gé lókè yìí dára fún títì. Èmi inú igbó ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ mi, lórí ọ̀nà ẹsẹ̀. Mo ra irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí ìyìn tí wọ́n ń yìn ín. Mo rí gbòǹgbò, mo rí òkúta, gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ni mo rí. Ẹ̀ka igi tó rọ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n àyà ni n kò rí, nítorí òkè ìlà ló wà. Òun ló gbá mi lulẹ̀. Nínú igbó, iná tó tàn róbótó ni kí ẹ lò, kí òkè náà mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì tí yóò fọ́ lójú, àfi ẹranko.

Mo tún ń so ọ̀kan mọ́ akoto orí mi. Èyí tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, ibi tí kẹ̀kẹ́ kọjú sí ló ń wò. Ti orí, ibi tí mo bá wò ló ń tàn sí. Ní kọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ wọnú, ìyàtọ̀ ńlá ni.

Ọ̀gá Rííìmù

Ọmọ Inú Igbó, òótọ́ lo sọ, n kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kí Arìnlóru má lọ so ti orí nìkan o. Mo fẹ́ kí o dán nǹkan kan wò, àbúrò.

Mú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, kí o wá kòtò kékeré kan tó wà ní bíi mítà mẹ́jọ sí ọ. Gbé tọ́ọ̀ṣì sí iwájú orí, láàárín ojú méjèèjì, kí o tan án sí i. Ilẹ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lójú rẹ bí ẹni pé wọ́n lọ̀ ọ́. Ó lè tó ìgbà díẹ̀ kí o tó mọ ibi tí kòtò wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ lo yàn án. Wá na ọwọ́ sísàlẹ̀ kí tọ́ọ̀ṣì dé ẹ̀gbẹ́ itan, kí orí rẹ má kúrò níbi tó wà. Lójú ẹsẹ̀ ni etí kòtò yóò ju òjìji dúdú sínú rẹ̀, yóò là gbàgà bí ẹnu.

Òjìji ló ń fi kòtò hàn wá lóru. Tí iná bá wà níbi tí ojú wà, gbogbo òjìji a sá pamọ́ sẹ́yìn ohun tó jù wọ́n, ojú kò ní rí wọn. Tí iná bá rẹlẹ̀ ju ojú lọ, òjìji a gùn. Ìdí nìyí tí àwa àgbà fi fẹ́ràn iná tó wà lórí fọ́ọ̀kì, lókè táyà iwájú, ju èyí tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ lọ. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ṣì dára. Orí nìkan ni mi ò fẹ́.

Arìnlóru

Ọ̀gá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìta báyìí. Mo dán an wò. Ẹnu mi ṣì là. Kòtò tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, tí mo ti ń fo láti ọjọ́ yìí wá, n kò rí i nígbà tí tọ́ọ̀ṣì wà níwájú orí mi!

Dínámò Láéláé

Ẹ ń ṣe ìṣirò bátìrì látàárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ dínámò, ẹ̀rọ tó ń sọ yíyí táyà di iná mànàmáná. Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ yín ni ẹ̀rọ iná tó wà nílé.

Èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà iwájú níbi tí sípóòkì ti pàdé, ni mò ń wí, kì í ṣe ti ayé àtijọ́ tó ń fi orí ha ẹ̀gbẹ́ táyà, tó ń ké bí ológbò, tó sì ń yọ̀ lọ nígbà tí òjò bá rọ̀. Fóòtì 6, wọ́ọ̀tì 3, bẹ́ẹ̀ ló ti rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo wà léwe, wọ́ọ̀tì 3 yẹn ń tan gílóòbù kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú, o gbọ́dọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì kí o tó rí i pé ó ń tàn. Lónìí, wọ́ọ̀tì kan náà, LED ló ń gbà á, ó sì ń fún mi ní lux 80 láì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn mẹ́ta tó ṣe LED aláwọ̀ búlúù, èyí tí a fi ń rí LED funfun, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2014. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń pín in, ẹ̀ẹ̀mejì ni màá fún wọn.

N kì í ṣájì nǹkan kan. N kì í wo iye tó kù. Mo bá gun kẹ̀kẹ́, iná tàn. Tí mo bá dúró ní oríta, iná kékeré kan tó ti kó agbára pamọ́ ń bá a lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n má baà pa mí.

Oníṣirò

Bàbá Dínámò, ẹ kú ìfẹ́ ẹ̀rọ. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ sọ ìyókù fún un. Kò ṣeé rà kí a sì so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú táyà iwájú palẹ̀, kí wọ́n to sípóòkì rẹ̀ tuntun mọ́ họ́ọ̀bù náà, àbí kó ra táyà tó ti wà ní títò. Ó sì ń jẹ nínú agbára ẹsẹ̀, bíi wọ́ọ̀tì 5 sí 7 nígbà tí iná bá tàn.

Dínámò Láéláé

Wọ́ọ̀tì 5! Oúnjẹ òwúrọ̀ rẹ ló ń san án, o kò ní mọ̀ pé ó lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ti sípóòkì. Kí Arìnlóru wò ó báyìí: rííìmù rẹ̀ ti wọ́. Tí wọ́n bá ní kó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n máa tú sípóòkì náà. Ìgbà wo ló tún fẹ́ rọrùn jùyẹn lọ?

Ọ̀gá Rííìmù

Ọ̀rọ̀ gidi lèyí. Àbúrò, bí rííìmù kò bá ṣeé nà mọ́, ronú sí i. Tó bá ṣeé nà, ra ti bátìrì, kí o máa gbádùn. Kìlómítà 11 kì í ṣe ìrìn-àjò.

Òjò-Kò-Dá-Mi-Dúró

Mo rí i pé ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ omi, èmi ni mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Mo ra iná kan tí wọ́n kọ IPX4 sí. Mo rò pé ó túmọ̀ sí pé omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò gba ṣájì mọ́. Mo ṣí ìdérí rọ́bà tó wà lẹ́yìn, mo rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé nínú ihò ṣájà. Ẹni tó tà á fún mi ní mo gbé e sínú òjò. Inú kí ló fẹ́ kí n gbé e sí?

Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. IPX4 ni omi tó ta sí i láti ibi gbogbo. IPX6 ni omi tó ń tú pẹ̀lú agbára. IPX7 ni èyí tó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà 1 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. X yẹn ń sọ pé wọn kò dán an wò fún eruku. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ dúró lórí ìdérí kékeré yẹn. Ní tèmi, mi ò tẹ̀ ẹ́ wọlé tán lẹ́yìn ṣájì, ìyẹn ló sì dà mí. Ní báyìí n kò tẹ̀ ẹ́ lásán, mo máa ń fi èékánná fà á wò lẹ́yìn tí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Arìnlóru

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Wọ́n ti na rííìmù, ó tọ́. Mo ti ra iná: èyí tó ní lux 80, a gé e lókè, àmì K wà lára rẹ̀, IPX6. Bátìrì ni. Dínámò yóò dúró de ọjọ́ mìíràn, ẹ forí jì mí, Bàbá.

Ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: iná kékeré tó ń ṣẹ́jú yẹn, ṣé kí n jù ú nù? Èkejì: báwo ni mo ṣe máa dojú iná tuntun kọ ilẹ̀? Mo tan án lánàá, ó mọ́lẹ̀ kedere síwájú táyà gan-an, níwájú rẹ̀ wá ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ kú ìnáwó. Ẹ má jù ú nù, ẹ fi sápò. Ọjọ́ tí bátìrì ti ńlá bá kú lójú ọ̀nà, òun ló máa mú yín délé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó máa rìn bí ìgbín.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó máa ṣẹ́jú lóru. Iná tó ń ṣẹ́jú níwájú, èmi kì í mọ bó ṣe jìnnà sí mi tó. Ó wà níbí, kò sí níbẹ̀, ó tún dé. Jámánì kò gbà á rárá lójú títì wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ti gbà á láti 2005, kó má ṣáà kéré ju 60 lọ, kó má sì ju 240 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Lọ́sàn-án, mo gbà á. Lóru, ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan.

Òjò-Kò-Dá-Mi-Dúró

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, mo gbọ́ yín, àmọ́ àwọn awakọ̀ tètè ń rí èyí tó ń ṣẹ́jú ju èyí tó dúró lọ. Èmi ṣẹ́jú mi ni màá máa ṣẹ́ láàárín títì.

Nọ́ọ̀sì Òru

Wọ́n tètè rí yín. Ṣé wọ́n mọ ibi tí ẹ wà? Ẹ fi ti ẹ̀yìn ṣẹ́jú bó bá wù yín. Kí ẹ sì wọ nǹkan tó ń kọ mànà sí ọrùn ẹsẹ̀: ó ń lọ sókè sódò bí ẹ ti ń wa kẹ̀kẹ́, awakọ̀ tó bá rí i kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ́.

Ọ̀gá Rííìmù

Ẹ jẹ́ kí n dá ti ìdojúkọ lóhùn kí ẹ tó tú ilé.

Arìnlóru, iná rẹ wolẹ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù níwájú táyà a máa mú kí ọmọlójú sún kì, ọ̀nà jíjìn a wá dà bí ihò. Ohun tó wà ní mítà mẹ́ta sí ọ, o kò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́ ní eré yẹn. Fífún un ní ìmọ́lẹ̀ ò wúlò.

Gbé kẹ̀kẹ́ dúró ní mítà 5 sí ògiri. Jókòó lé e, nítorí ìwúwo rẹ ń yí ìdúró rẹ̀ padà. Wọn bí iná ṣe ga sí láti ilẹ̀. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 90 ni: àárín ibi tó mọ́lẹ̀ jù lára ògiri yóò wà ní 45, ìdajì rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe bọ́ sílẹ̀ ní mítà 10. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà gùn ún jáde, kí o máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú ọ̀nà yóò fi gùn tó bí o ṣe ń fẹ́ ẹ. Ohun kan ni o kò gbọdọ̀ ṣe: ìlà tó gé e lókè kò gbọdọ̀ ga ju iná fúnra rẹ̀ lọ lára ògiri. Tó bá ti ga jù ú, ojú Nọ́ọ̀sì lo ń tàn án sí.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Mo ti ń bo ojú mi.

Arìnlóru

Mo ti dé láti ẹnu iṣẹ́, aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo dúró níbi tí iná títì parí sí, mo tan tuntun. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ ẹní funfun, ó fẹ̀ dé etí koríko lọ́tùn-ún lósì. Kòtò tó wọ́ rííìmù mi, mo rí i láti òkèèrè, òjìji rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Mo ka òpó méjì kí n tó dé ibẹ̀, mo ti yà tipẹ́. Ìyá àgbà kan ń bọ̀ níwájú, kò fi ọwọ́ bo ojú, ó kí mi.

Ẹyọ kan ló kù. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, iná ń yí wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi délé, ó ti ń wo táyà. Mo fún okùn rọ́bà rẹ̀ títí ó fi fẹ́ já, ó ṣì ń yí.

Ọ̀gá Rííìmù

Má fún un mọ́, wàá já a. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ ló ń dán jù. Wá tọ́ọ̀bù táyà àtijọ́, gé e ní ìbú ìka méjì, wé e mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o tó dè é lé e lórí. Kí o sì fi ọṣẹ fọ ìyẹ̀fun tó wà nínú tọ́ọ̀bù náà kúrò ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún máa yọ̀.

Arìnlóru

Tọ́ọ̀bù tó bẹ́ lọ́jọ́ kòtò yẹn ṣì wà lábẹ́ àga. Òun ni mo ń lọ gé.